Ìgalà Tí Kò Níwo

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù.
A ti gbá mẹ́ta wọlé, àlejò gbá ẹyọ kan,
mo wá ń wo ojú aago
bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo ìkòkò ẹ̀wà.
Eino tó jókòó tì mí ní, "Tauno, fọkàn balẹ̀."
Mo ní, "Eino, ọkàn wo?"
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sanwó ìjókòó yìí,
ìlà kẹrìnlá, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.
Ọkàn mi ti dì ju adágún Harmaalahti lọ.

Kí n tó fi kọfí kan ẹnu, rọ́bà dúdú ti wọlé.
Kí n tó gbé ife sílẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e.
Ẹ̀kẹta gba àárín ẹsẹ̀ aṣọ́lé kọjá
wẹ́rẹ́,
bí eku tó mọ ojú ihò rẹ̀.
Mẹ́rin sí mẹ́ta. Fèrè dún.
Eino bu sọ́séèjì rẹ̀ jẹ, kò sọ nǹkan kan.

Irú ìgalà wo lẹ̀yin, tí kò níwo?
Ẹ ya ìwo sáyà, ẹ ya ìwo sára bọ́ọ̀sì,
ẹ ya á sára ike bíà tí ẹ ń tà fún wa lówó gọbọi,
ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá yọjú, ẹsẹ̀ lẹ ń fẹ́ ẹ.
Ọdẹ ò tíì yìnbọn, ìgalà ti na gbalaja lórí yìnyín,
ó ń wojú rẹfirí.

Rantakangas, ọ̀gá ikọ̀,
ẹni tí owó oṣù rẹ̀ tó ra ọkọ̀ ojú omi méjì,
ń yọ́ káàkiri pápá
bí ẹni tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú.
Kóòṣì ní àwọn ṣì ń kọ́lé, ká ní sùúrù.
Ọdún kẹfà rèé!
Ìpìlẹ̀ nìkan la rí, omi sì ti kún inú rẹ̀, omi náà ti dì.
Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà.
Baba ọ̀hún ti darúgbó,
ọdún kan náà lòun àtèmi fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ pépà.
Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ìborùn tí Helvi hun fún mi ṣì wà lọ́rùn mi.
Ọdún tí a gba ife ló hun ún,
ọdún kan ṣoṣo yẹn.
Ó ti tú létí. Ọmọ mi ní kóun bá mi rán an,
mo ní kó fi sílẹ̀:
ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ kó kẹ́yìn lára òwú yẹn.

Mo forí lé ilé, òtútù ń fà mí létí bí olùkọ́.
Mo ń rojọ́ fún yìnyín etí ọ̀nà:
wọ́n ti bà á jẹ́,
wọn ò mọ̀ ọ́n gbá,
wọn ò nítìjú,
wọ́n, wọ́n, wọ́n,
títí dé etí adágún.

Níbẹ̀, lábẹ́ iná kan ṣoṣo,
Lempi ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
ń gbá rọ́bà mọ́ ògiri pákó, gbà, gbà.
Ó yẹ kó ti sùn.
Ó gbójú sókè, imú rẹ̀ pọ́n bí ata.
"Bàbá Tauno, ṣé a borí?"

Mo wá "wọ́n" lẹ́nu mi, mi ò rí i.
"Rárá," ni mo wí. "A ò borí."

Ó ronú díẹ̀.
"Ó dáa, ẹ wá bá mi ṣọ́lé."
Mo tẹ orúnkún tó ń ro mí, mo na ọwọ́ méjèèjì.
Èyí tó kọ́kọ́ gbá
gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá,
wẹ́rẹ́.