Àga Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Ẹ ní ojú ni ọdẹ fi ń pa ẹran.
Èmi ní ìdí ni.
Ojú tó mú bí abẹ, tí ìdí rẹ̀ kò lè jókòó,
ilé ni yóò ti máa wo ẹran nínú ọbẹ̀ aládùúgbò.

Olúmorótì, bàbá mi, dègùn fún ogójì ọdún
lórí ọ̀pá mẹ́ta àti okùn àjàrà
nínú igbó ẹ̀yìn àpáta Ògìdì.
Nígbà tí a wẹ òkú rẹ̀
a rí ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdí rẹ̀,
àpá dúdú mẹ́ta, gbọọrọ, bí ilà ojú.
N kò fẹ́ jogún ìyẹn.
Ìbọn rẹ̀ nìkan tó mi.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Kábbà,
ọ̀dọ̀ Ìbítóyè tí ń jó irin.
Mo ní, ṣe àga kan fún mi tí kò lẹ́sẹ̀.
Ó ṣí dígí dúdú kúrò lójú:
"Àga tí kò lẹ́sẹ̀, níbo ni yóò dúró?"
Mo ní ara igi ni yóò rọ̀ mọ́,
bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá.
Ó wò mí títí. Ó béèrè iye ọdún mi.

Ó fi téèpù wọn ìdí mi.
Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, iná kú lẹ́nu irin.
Mo ní kó fẹ̀, kí itan má baà kú tipiri.
Mo ní kó fúyẹ́: ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́rin
ni yóò rù ú la odò kọjá kó tó fà á gòkè.
Tìmùtìmù ńkọ́? Rárá o.
Fóòmù a máa mu ìrì, èkúté a fi ṣe ìtẹ́.
Tapólì ni kí o nà sí i,
kó le díẹ̀, kó rọ̀ díẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀.
Kí o fi rọ́bà táyà wé gbogbo oríkèé rẹ̀,
torí irin tó bá ké "kín" lẹ́ẹ̀kan lóru
ti dárúkọ mi fún gbogbo igbó.

A dán an wò lára máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù.
Mo jókòó sókè, ẹsẹ̀ mi ń fì.
Obìnrin kan tó ń ti ìsìn bọ̀ lọgun:
"Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà kò tó èyí tí ẹ ó fi pokùn so!"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé e kọ́ òkè àrò
kí òórùn ọ̀dà kúrò, kí ti èéfín wọ̀ ọ́.
Tinúadé ní n kò tọ́jú aṣọ ìgbéyàwó wa tó bẹ́ẹ̀.

Igi ńkọ́?
Àràbà lẹ́gùn-ún. Igbá ni ilé tanpẹ́pẹ́.
Ìrókò, ẹ jẹ́ kí n má sọ ti ìrókò.
Mo yan ayùnrẹ́ kan tó kọjú sí ibi tí ìyeyè ń já sílẹ̀,
tí afẹ́fẹ́ alẹ́ yóò gbé òórùn mi lọ sódò.

Mo gùn ún nírọ̀lẹ́. Mo de ara mi mọ́ igi.
Mo jókòó.
Háà.
Ẹ̀yìn mi rí ibi fara tì,
orúnkún dákẹ́ ẹjọ́ tó ti ń rò láti ọdún mẹ́wàá.
Òṣùpá yọ lórí àpáta. Òwìwí ké.
Mo gbọ́ ìkejì. N kò gbọ́ ìkẹta.

Àkùkọ abúlé ló jí mi.
Nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi gan-an
étu ti jẹ ìyeyè tán, ó tu kóró rẹ̀ jọ,
ó yàgbẹ́ wínníwínní lé e.
Pátákò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá:
ó mú ọmọ rẹ̀ wá.

Mo tún gun ọ̀kadà.
Ìbítóyè ní, "Ṣé àga náà ń ni yín lára ni?"
Mo ní kò ni mí lára. Ibẹ̀ lẹjọ́ wà.
Gé ọ̀pá ẹ̀yìn kan kúrò,
èyí tó wà lọ́gangan èjìká òsì,
má sì fi fáìlì dán kùkùté rẹ̀.
Jẹ́ kó máa gún mi,
díẹ̀,
bí ìka bàbá ẹni tó jókòó tini.