Orúkọ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Àpò ìwé funfun kan wà lórí firísà mi ní Kúbúwà,
ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀.
Mo ń gbé páálí ẹja lé e, mo ń gbé e kúrò,
omi yìnyín ti rin etí rẹ̀ kan.
Káàdì ló wà nínú rẹ̀, káàdì àwìn.
Wọ́n ní orúkọ mi wà lára rẹ̀, wọ́n ní ó ń dán.
N kò tíì ṣí i.

Rífíkátù ti báǹkì ló pè mí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù:
"Màdáámù, gbèsè yín àtijọ́ ti ń tán lọ,
ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín kò tíì gòkè.
Ẹni tí kò bá yá, ta ni yóò mọ̀ pé ó ń san?"
Mo ní, ẹ tún un sọ.
Ó tún un sọ.
Ó yé mi, kò yé mi:
pé kí wọ́n tó gbà pé ẹsẹ̀ mi ti kúrò nínú ẹrẹ̀,
àfi kí n tún ti ọmọ ìka kan bọ̀ ọ́.

Ọdún tí tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù,
ọjọ́ mọ́kànlá láìsí iná,
títùsì rà, kòtè rà,
pánlá gbígbẹ nìkan ni kò dà mí.
Inú fóònù ni mo ti yáwó,
lọ́wọ́ ayánilówó tí kò lójú, tí kò lójúlé.
Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún di ọ̀kẹ́ mẹ́rin
kí oṣù tó lé lẹ́ẹ̀mejì.
Nígbà tí n kò rí i san, wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́
sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi:
sí tíṣà ọmọ mi, sí àna mi ní Iléṣà,
sí "Púlọ́ńbà Gwárínpá" tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.
OLÈ ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.
Púlọ́ńbà nìkan ló pè mí. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Bàbá bàbá mi, Fápohùndà, òṣómàáló ni.
Ó ru aṣọ dé Bídà, ó rù ú dé Kọ̀ǹtàgórà,
àwìn ló ń tà á. Bó bá padà dé,
yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní jẹun, títí owó yóò fi jáde.
Ṣùgbọ́n ojúkojú ni.
Onígbèsè ń rí orúnkún rẹ̀ tó ń gbọ̀n.
Oṣù méjìdínlógún ni èmi ti fi ń san díẹ̀díẹ̀
fún ẹni tí n kò rí orúnkún rẹ̀ rí.
Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá.

Bí mo bá gba káàdì yìí?
Tókìn iná nìkan ni n ó máa fi rà,
n ó san án kí oṣù tó parí.
Ohun tí mo sọ nígbà yẹn náà nìyẹn.
Mo mọ ọwọ́ mi: bó bá ti tọ́ àwìn wò,
á gbàgbé ọjọ́.
Bí n kò bá sì gbà á ńkọ́?
Owó firísà kejì, ṣọ́ọ̀bù tí mo rí ní Dútsè,
báǹkì wo ni yóò wojú mi?

Asábè ń kọjá, igi ìdáná lórí èjìká rẹ̀.
Àwọn Gbàgyí kì í fi orí rẹrù.
Ó ti sọ fún mi rí: orí lọba,
ta ní ń di ẹrù lé ọba?
Ó yọjú. "Mojírádé, fún mi ní títùsì méjì. Ó di Sátidé."
N kò bi í ní nọ́ńbà kankan.
Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbèsè sí:
Asábè, mo ti fà á. Asábè, mo ti fà á. Asábè,
ìlà lórí ìlà, bí ilà ojú arúgbó.
Mo kọ tuntun.

Nígbà tó lọ, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Mo kọ Mojírádé sábẹ́ Asábè:
ẹgbẹ̀rún márùn-ún, láti inú kóló,
ó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
Ká wo bí obìnrin yẹn ṣe ń san.
Mo gbé páálí ẹja padà lé àpò ìwé náà.