Ìwé Ọkùnrin Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Pọ́n-ùn kan ni mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú ní Byker.
Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya,
ẹnìkan ti da tíì sí ojú ewé kẹsàn-án.
Mo ní kí n fi lé oorun lọ lẹ́nu iṣẹ́ òru ni.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì,
ó gbé mi dé ibi tí ìlú parí sí létí òkun.

Merrin ń tún bàtà ṣe lábẹ́ afárá.
Ọkùnrin kan mú bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wá,
ó ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun kì í nílò ìkejì.
Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni.
Níbi tí wọ́n bí mi sí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó bá wọ̀lú,
adìẹ ló ń wá, kì í ṣe ìyàwó.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ojú ewé kejì.

Ẹni tó kọ ọ́ mọ Newcastle, ẹ jẹ́ n sòótọ́.
Ó mọ òjò ibẹ̀ tí kì í rọ̀ tán, tí í kàn dúró sójú afẹ́fẹ́
bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kí òun jókòó.
Ó mọ òórùn ọtí àná lára ògiri,
ó mọ ìró ọkọ̀ ojú irin bó bá gorí odò Tyne.
Ó ri idán mọ́ abẹ́ ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ lójoojúmọ́
títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gbẹ́sẹ̀.
Igba ojú ewé kí ẹnu tó kan ẹnu.
Igba! Kó tó dìgbà náà, ó ti bá a so okùn bàtà
débi pé ojú ń ti èmi tí mò ń kà á.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.
Ta ló ń san owó ilé ọkùnrin yìí?
Ọgọ́rùn-ún ọdún ló ti ń sá kiri, kò níṣẹ́, kò lọ́gàá,
aṣọ rẹ̀ kò sì hunjọ rí.
Ẹyinjú rẹ̀ "bí oyin tó ń jó":
mo fi bírò kà á, ìgbà mọ́kàndínlógún.
Ní orí kẹta, irin ń pa irú wọn;
ní orí ogún, ó fi ṣíbí irin mu ọbẹ̀.
Merrin tó ń fi ọwọ́ lásán fa awọ ya,
bí ọ̀tá ṣe dé báyìí, dídákú ló kù tó mọ̀.
Ọkùnrin kejì tún yọjú, abìyẹ́,
iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa jowú.

Ẹnìkan péré ló jọ mí nínú rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì òru. Bólá. Wọn ò fún un lórúkọ bàbá.
Ó di ọgbẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kò bèèrè nǹkankan,
ó kú lójú ewé kẹtàlélógójì
kí Merrin lè rí ohun tí yóò sunkún sí.
Mo pa ìwé dé.
Mo lọ yí Màmá Hilda padà lórí ibùsùn.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Ó ní, "Kí lò ń kà? Kà á síta."
Níbi ìfẹnukonu, ó di ọwọ́ mi mú.
Ó ní, "Ìrù ọkùnrin yẹn á máa rùn."
Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní ọkọ òun náà máa ń jáde lóru,
abẹ́ òkun ni wọ́n ti ń wa èédú,
á wá gbé ojú tí òun kò mọ̀ wálé láàárọ̀,
òun á bomi gbígbóná, òun á máa fọ̀ ọ́, òun á máa wá a.

Ìyẹn kò sí nínú ìwé.
Ìwé ló sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ojú ewé mẹ́ta ni wọ́n fi sáré parí rẹ̀,
ogun, ìbúra, ẹ̀jẹ̀, ó dìwé kejì.
Màmá Hilda ti ní kí n wá a lọ.

Láàárọ̀, lẹ́yìn agolo ìdọ̀tí wa,
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan wà níbẹ̀, ìrù rẹ̀ ti pá,
egungun adìẹ wà lẹ́nu rẹ̀.
Ojú rẹ̀ kò jọ oyin.
Ó jọ ojú ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú.
Mo kí i kú iṣẹ́,
mo sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá bàtà wà níbẹ̀.