Ọpọlọ Ọ̀pọ̀lọ́

Aago mẹ́ta òru ní Saskatoon, òtútù ti sọ odò di òkúta.
Èmi nìkan ló kù ní yàrá ìwádìí,
èmi àti légbénlègbé kan tí kò tó èékánná ọmọdé,
ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi òjò inú àwo.
Oògùn díẹ̀ ti gbé e sùn lábẹ́ maikirosikóòpù.

Ohun tí mò ń ṣọ́ kò nípọn tó òwú aláǹtakùn.
Ẹ̀yìn ojú ọ̀tún ló ti yọ lánàá,
fọ́nrán kan ṣoṣo, a kùn ún ní àwọ̀ ewé kí n lè rí i.
Orí rẹ̀ là bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ jòjòló:
ó nàka, ó ká a kò,
ó tún nàka síbòmíràn.
Òun tí yóò bá ojú gbé ìran lọ,
òun fúnra rẹ̀ kò ríran.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí.
Èyí kò lẹ́nu. Ilẹ̀ ló ń tọ́ wò.
Níbi tó bá dùn, á sún síwájú;
níbi tó bá korò, á fa ìka sẹ́yìn
bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó dé oríta,
níbi tí ti ọ̀tún ti ń kọjá sósì,
tí ti òsì ń bọ̀ wá sọ́tùn-ún.
Ó dúró.
Mo mu tíì mi tán, ó ṣì dúró.
Ìgbà tó sọdá, oríta tó ń dùn lẹ́ẹ̀kan
korò lẹ́nu tí kò ní.
Kò lè padà mọ́.

“Bí a bá gé e,” Dókítà Kowalchuk sọ lọ́sẹ̀ tí mo dé,
“yóò tún hù, yóò sì tún mọ ilé.”
Mo ní, ti ènìyàn ńkọ́?
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.
“Kì í hù. A ò tíì mọ bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́.”

Oòrùn ti ń mú ní Ìkirè.
Bàbá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀,
iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà.

Mo kọ aago sínú ìwé.
Ọ̀nà ṣì jìn dé òrùlé ọpọlọ.
Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀.
Ó ń dún, ó ń dún. N ò gé e.
Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ lórí tábìlì,
ó ń nàka, ó ń ká a kò.