Ọdún Tí Owó Ò Dé

Ọdún mẹ́ta ni ìjọba fi sanwó fún wa n'Ísánlú
pé ká má sun pòròpórò.
Mo gbà á. Mo fi kan páànù ilé ìdáná.

Lọ́dún yìí, owó ò dé.
Ọyẹ́ ní tiẹ̀ ò pẹ́.
Ọbajẹmú ti tiná bọ oko rẹ̀,
eérú ń bọ́ sínú ọbẹ̀ wa.

Mo mú ìṣáná, mo dé ẹ̀bá oko,
mo fẹsẹ̀ gbá pòròpórò sẹ́gbẹ̀ẹ́:
ilẹ̀ tutù lábẹ́ rẹ̀,
ekòló kan ń yíra padà
bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ta ló ń sanwó fún ìyẹn?

Ìyàwó mi ló fi ìṣáná náà dáná iṣu lálẹ́.
Ó ní, "O ò sun ún?"
Mo ní ó di ọ̀la.

Ọ̀la náà ò dé títí òjò fi rọ̀.