Ògiri Tó Kọjú sí Ìwọ̀-Oòrùn

Ọ̀kún o, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ lójú ọ̀nà Mọ́pà.
Èmi Mẹ́dùbí ni, bíríkìlà.
Ọ̀sẹ̀ kẹta rè é tí mo ti ń wó ohun tí mo fọwọ́ ara mi mọ.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ògiri ìwọ̀-oòrùn ni. Mo ti ṣí fèrèsé ńláńlá mẹ́rin sára rẹ̀,
gíláàsì láti ilẹ̀ dókè,
torí pé Ìbítóyè tó nilé fi fọ́tò kan ránṣẹ́ láti Àbújá,
ó ní, "Bí èyí gẹ́lẹ́. Má fi ti Kábà bà á jẹ́."

Tinúadé dé lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà,
ó gun ọ̀kadà, ìwé òfin tuntun wà nínú láílọ́ọ̀nù.
Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó pè mí ní Bàbá.
Lẹ́yìn náà ló gbé ohun kékeré kan kọ́ sára ògiri,
ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fa omi kaṣú mu,
ó tẹ̀ síwájú kó má baà kán sí i láṣọ.
Nígbà tí aago mẹ́ta lù, ó ní kí n wá wò ó.
Mọ́kànlélógójì.
Páálọ̀ tí kò tíì ní àga kan,
tí ẹnikẹ́ni kò tíì sùn nínú rẹ̀ rí,
ibà ti mú un.

Mo ní, "Wọn yóò fi ẹ́ẹ́sì síbẹ̀."
Ó ní, "Iná ta ni?"
Mo dákẹ́. Ó mọ iná wa bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.
"Òfin ti yí padà, Bàbá.
Fèrèsé kò gbọdọ̀ fẹ̀ tó yìí níhà ibi tí oòrùn ń wọ̀.
Ẹ tẹ́ nǹkan sábẹ́ páànù.
Kí afẹ́fẹ́ ríbi wọlé, kó sì ríbi jáde."

Mo bínú, kí n má purọ́.
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń to búlọ́ọ̀kù,
kò sí ilé mi kan tó tíì wó.
Ta ló ń wọn ooru bí ẹni ń wọn gààrí?
Ìbítóyè sọ lórí fóònù pé kí n fún un ní nǹkan.
Mo wá ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo ká a sínú bébà sìmẹ́ńtì.
Ó wo owó náà, ó wò mí.
"Bàbá, ẹ fi ra yìnyín fún àwọn tí yóò sùn níbẹ̀."

Òru ọjọ́ náà ni mo rántí ilé bàbá mi ní Ògìdì,
lẹ́bàá àpáta,
ògiri amọ̀ tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà,
koríko orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí fìlà tí a fà bojú.
A máa ń wá aṣọ bora níbẹ̀ nínú Ẹrẹ́nà.
Èmi fúnra mi ni mo wó o
lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́ gidi.
Mo fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, mo kan páànù lé e, ó ń dán.
Bàbá yìn mí, ó súre títí ohùn rẹ̀ fi há.
Ó sì gbé ẹní rẹ̀ jáde sábẹ́ igi máńgòrò,
ibẹ̀ ló ń sùn lọ́sàn-án títí ó fi kú.
N kò bi í ní ìdí rẹ̀ rí.

Fèrèsé mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mo ń dí báyìí.
Mo ti na ẹnu òrùlé síta ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.
Ìbítóyè ò tíì sanwó ìwólulẹ̀,
ó ní mo ti sọ ilé òun di ilé ará oko.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Lọ́jọ́ Ajé ni ọmọ yẹn ń padà bọ̀ pẹ̀lú ohun ìwọn-ooru rẹ̀.
Lánàá, láago mẹ́ta, mo wọ páálọ̀,
mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri
bí a ti ń kan iwájú orí ọmọ tára rẹ̀ ò yá.
Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mo tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì, mo ní kí n kàn nà fún ìṣẹ́jú kan.
Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní mo hanrun.