Àmìwó Láìsí Iyọ̀

Ọmọ rẹ pè mí ní kùtùkùtù, kí n tó fọ ẹnu:
"Ìyá Àtákẹ̀, dókítà ní kò gbọdọ̀ kan iyọ̀ mọ́,
ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ju òrùlé lọ."
Mo ní mo gbọ́.
Mo gbé ìkòkò iyọ̀ kúrò nídìí ààrò,
mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń fi owó èésú pamọ́.

Nusíràtù, láti Kétu lo ti ń bọ̀,
kòtò ọ̀nà Pọ́bẹ̀ yóò ti gbọn eegun ìdí rẹ.
Kí ni n óò sè fún ọ tí kò ní dà bí oògùn?

Mo lọ sí Wándò kí oòrùn tó mú.
Mo ra adìyẹ ìbílẹ̀, èyí tó mọ̀ ọ́n sá,
tòmátì tó pọ́n dé ìdí,
atalẹ̀, aáyù, àlùbọ́sà ńláńlá márùn-ún,
àti irú, tí mo kọ́kọ́ tọ́ wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á
kí n lè mọ̀ bóyá ó fi iyọ̀ sí i.
Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ jalè.

Mo yan ìyẹ̀fun àgbàdo títí ó fi ń ta sánsán bí ẹ̀pà,
mo da ata sínú òróró gbígbóná,
ilé kún fún èéfín, ojú mi pọ́n.
Ọmọ alájọgbé yọjú, ó béèrè bóyá ọdún ti dé.
Mo ní rárá, ọ̀rẹ́ mi ló ń bọ̀.
"Ọ̀rẹ́ yín wo?"
Èyí tó mọ̀ mí kí eyín mi tó pé,
tó tún mọ̀ mí báyìí tí kò pé mọ́.

Omi adìyẹ ń hó. Mo ń da ìyẹ̀fun, mo ń rò ó.
Omorogùn ló wúwo ni, tàbí ọwọ́ mi ló fúyẹ́.
Mo rántí ọdún omíyalé,
àwa méjèèjì lọ́dọ̀ Màdáámù Filomẹ́nà tó ń kọ́ wa ní aṣọ rírán,
ẹní kan, ìbora kan,
ọ̀ṣà gòkè wá bá wa nínú yàrá,
ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jẹ ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú iyọ̀,
kò sí ẹja, kò sí epo.
Ìwọ lo ń pín in:
ẹ̀rún kan fún mi, ẹ̀rún kan fún ọ.
Tèmi a máa tóbi díẹ̀.
O rò pé n kò rí i.

O dé nírọ̀lẹ́ lórí sẹ̀míjàn,
gèlè rẹ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan,
o ń bá ọlọ́kọ̀ jà nítorí ọgọ́rùn-ún sẹ́fà.
Mo mọ̀ pé ara rẹ kò tíì burú tó bí ọmọ rẹ ti wí.

Mo bu àmìwó, ó pupa, ó ń dán,
adìyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlùbọ́sà tútù, omi ọsàn wẹ́wẹ́.
Tèmi náà kò níyọ̀. Ìkòkò kan náà ni.
O bu òkèlè àkọ́kọ́. O dákẹ́.
O bu èkejì.
"Ó dùn," o ní. Irọ́ gidi.
"Ó dùn," lèmi náà wí.
A ń jẹun bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ń ṣọ́.

Nígbà tó yá, o wo ẹnu ọ̀nà, o wo fèrèsé,
o tú etí ìró rẹ:
kókó kékeré kan, tí o fi ọ̀rá dì.
Nusíràtù! Láti Kétu!
"Má pariwo," o ní, "etí àwọn ọmọ yìí mú ju ti ajá lọ."

Mo gba ọ̀rá náà. Ó yẹ kí n dà á nù.
Mo mú ẹ̀rún kan, mo fi sórí òkèlè mi,
mo mú òmíràn, mo fi sórí tìrẹ,
mo dì í padà, mo jókòó lé e.

Lọ́tẹ̀ yìí, tìrẹ ló kéré.
O rí i. O ní ahun ni mí,
o sì ń fa mùdùnmúdùn inú eegun itan
títí iná mànàmáná fi lọ.